Káàdì Igbó Ìwòsàn ní Amẹ́ríkà: Iye Tó Ń Náni Gan-an, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mùsùlùmí Yẹ̀ Wò Kí Wọ́n Tó Sanwó

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í béèrè ní gbangba mọ́sálásí. Wọ́n á dúró títí ìrun Jímọ̀ fi máa parí, tí èrò bá ti ń túká, wọ́n á fa èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó dé etí wa kẹ́yìn wá láti ẹnu ìyá kan ní Philadelphia. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 22, fínra. Oògùn ìrora tí wọ́n ń fún un lágbára débi pé kì í lè dìde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá lò ó, ìyá sì ń bẹ̀rù pé oògùn yẹn gan-an lè di bárakú sí i lára. Nọ́ọ̀sì kan wá gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n béèrè nípa káàdì igbó ìwòsàn. Wọ́n wo íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n san 300 dọ́là. Ìyá béèrè pé, "Ṣé iye tí wọ́n ń gbà náà nìyẹn? Ṣé ó tiẹ̀ tọ́ sí wa?"

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gùn. Owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ Pennsylvania ń gbà lórí káàdì náà jẹ́ 50 dọ́là, ẹni tó bá sì wà lórí Medicaid tàbí tó ń gba owó oúnjẹ SNAP tàbí WIC lè gba ẹ̀dínwó tàbí kó má san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owó káàdì ló kéré jù nínú ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè ná ìdílé kan, pàápàá ìdílé tí ìwé ìgbélùú wọn kò tíì parí. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí káàdì náà jẹ́

Lójú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, igbó wà lára àwọn oògùn olóró tí òfin ọdún 1970 ń darí. Ìpínlẹ̀ California ló kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn ní 1996, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé kí aláìsàn lè lò ó bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí wọ́n fi ju ìdajì lọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ nípa àìsàn tí wọ́n gbà, iye tí wọ́n ń gbà, àti irú èyí tí wọ́n fàyè gbà kí wọ́n tà.

Dókítà kò lè kọ igbó fún aláìsàn bí ó ṣe ń kọ oògùn tí a ń lọ gbà ní fáámásì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó ní àìsàn tí òfin ìpínlẹ̀ náà gbà, àti pé igbó lè ràn án lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rí yẹn ni ìpínlẹ̀ ń wò kó tó tẹ káàdì. Káàdì náà lèèyàn máa fi han ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún láṣẹ láti ta igbó ìwòsàn, òun náà lèèyàn sì máa fi han ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Agbára rẹ̀ parí síbẹ̀. Kì í ṣe ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, kò sì ní kí ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gbà yín láàyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbòǹgbò ohun tí a máa sọ nípa green card nísàlẹ̀.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tó pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, wà nínú òfin Pennsylvania àti ti Ohio, tí wọ́n ṣe ní 2016, ó sì wà nínú ti Georgia láti 2015. Jẹjẹrẹ àti wárápá wà nínú òfin púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ náà. New York fi í sílẹ̀ fún dókítà láti pinnu irú àìsàn tó yẹ. Ẹ má ṣe rò pé igbó ń wo fòníkú-fọ̀ladìde sàn. Ìrora ni wọ́n ń lò ó fún, dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, kó má bàa kọlu àwọn oògùn tó ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè oògùn tí ìnṣọ́ránsì ń sanwó rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń sanwó tí kò yẹ kí wọ́n san. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe láti ara igbó, tàbí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kó lè ṣe bíi tirẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí. Dókítà ń kọ wọ́n bí oògùn yòókù, fáámásì ń tà wọ́n, ìnṣọ́ránsì sì lè sanwó wọn. Wọn kò nílò káàdì kankan. Epidiolex, tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2018, wà fún oríṣi wárápá mẹ́ta kan tó le, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Dronabinol, tí orúkọ ọjà rẹ̀ àkọ́kọ́ ń jẹ́ Marinol, ti wà láti 1985. Wọ́n ń fún ẹni tí oògùn jẹjẹrẹ ń mú kó máa bì, àti aláìsàn AIDS tí oúnjẹ kò wù jẹ mọ́. Nabilone náà wà fún èébì jẹjẹrẹ.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ni wárápá ń gbé, tàbí pé bàbá ń gba oògùn jẹjẹrẹ tí oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá dókítà sọ ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀kan nínú oògùn wọ̀nyí kò ní ṣiṣẹ́ fún wa?" Fún ìrora fòníkú-fọ̀ladìde, kò sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìyá Philadelphia fi já sórí káàdì.

Ibi tí owó ń gbà lọ

Owó náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta: owó ìjọba lórí káàdì, owó dókítà, àti owó ọjà fúnra rẹ̀. Ìnṣọ́ránsì, Medicare àti Medicaid kì í sanwó igbó ìwòsàn. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ kò sì gbà kí ẹ kà á mọ́ owó ìtọ́jú nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé owó orí yín.

Owó ìjọba yàtọ̀ púpọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Florida ń gba 75 dọ́là lọ́dọọdún. Oklahoma ń gba 100 dọ́là, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí Medicaid tàbí Medicare á san 20 péré. New York ti yọwọ́ lórí 50 dọ́là tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Minnesota, tó ń gba 200 dọ́là nígbà kan, fagi lé e ní 2023. New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní káàdì orí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2024, ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ṣeé dì mú lọ́wọ́ ló ń san 10 dọ́là. Ní Ohio, wọ́n dín in kù ní 2024 di sẹ́ńtì kan ṣoṣo. Ẹ kò ṣì í kà, sẹ́ńtì kan. Ní California, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbà á, kò gbọ́dọ̀ kọjá 100 dọ́là, ẹni tó wà lórí Medi-Cal sì ń san ìdajì.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò tiẹ̀ ní káàdì tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ rà. Ó ṣe pàtàkì kí àwọn ará wa ní Houston àti Dallas gbọ́ èyí, torí Texas wà lára wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin ibẹ̀ ní 2015, dókítà ló ń fi orúkọ aláìsàn sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, ṣọ́ọ̀bù á wò ó níbẹ̀, ó tán. Ní 2025 wọ́n fi ìrora tí kì í lọ bọ̀rọ̀ kún àwọn àìsàn tí wọ́n gbà. Ẹni tó bá ń tà yín ní "káàdì Texas" ń kó yín lówó jẹ ni. Ní Virginia, láti oṣù keje ọdún 2022, ìwé ẹ̀rí dókítà nìkan ti tó, kò pọn dandan kéèyàn tún gba káàdì lọ́wọ́ ìjọba.

Owó dókítà ló sábà máa ń wúwo jù nígbà tẹ́ẹ bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí yìí nìkan ni wọ́n ń ṣe ló ń dá iye tó wù wọ́n lé e. 300 dọ́là tí ìyá yẹn rí jẹ́ owó dókítà pẹ̀lú èlé àwọn tó ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe owó ìjọba. Ohun tó ń dín in kù ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà tó ti ń tọ́jú yín bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Bó bá wà níbẹ̀, ó lè má gbà ju owó ìbẹ̀wò lásán lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sí ìkànnì iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ yín, ẹ wo orúkọ àwọn dókítà níbẹ̀, kẹ́ẹ pe mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ẹ sì béèrè ohun mẹ́rin: iye tí ìgbà àkọ́kọ́, iye tí àtúnṣe ọdún tó ń bọ̀, ṣé wọ́n ń dá owó padà bí wọ́n bá rí i pé aláìsàn kò yẹ, ṣé wọ́n ní ẹ̀dínwó fún arúgbó, ológun tó ti fẹ̀yìn tì tàbí ẹni tó wà lórí Medicaid. Ẹni tí kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè kẹta, ẹ fi sílẹ̀. Pennsylvania àti New York gbà kí dókítà wo aláìsàn lórí fídíò, èyí sì ń dín owó ọkọ̀ kù. Ní Florida, ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ lójúkojú, àtúnṣe nìkan ni wọ́n gbà lórí fídíò láti 2023.

Ìkànnì ìjọba sábà máa ń parí sí .gov. Ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ẹ ti san owó ìjọba. Àwọn ìkànnì kan wà tí wọ́n ṣe bí ti ìjọba, tí wọ́n ní àwọ̀ àti àmì ìpínlẹ̀ lára, tí wọ́n á gba owó, tí wọ́n á sì fi káàdì aláràbarà ránṣẹ́ láìsí dókítà kankan níbẹ̀. Káàdì ìṣeré ni.

Ní ti owó ọjà, ìlò oṣù kan lè ju owó káàdì ọdún kan lọ. Níbi tí òfin ti gbà kí àgbàlagbà máa rà á láìsí àìsàn, àwọn kan máa ń bi ara wọn pé kí ni káàdì wà fún nígbà náà. Owó orí ni. Ní Maryland, ẹni tí kò ní káàdì ń san owó orí 12 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù keje ọdún 2025, ẹni tó ní káàdì kì í san án. Ká ní aláìsàn ń ra 150 dọ́là lóṣù, owó orí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 18 dọ́là lóṣù, 216 lọ́dún. Ẹ fi ìyẹn wé iye tí dókítà ní kẹ́ẹ san, ẹ óò mọ̀ bóyá káàdì náà bọ́ sí i fún yín. California náà ń yọ owó orí ọjà fún ẹni tó ní káàdì ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé dókítà nìkan kò tó fún ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á ní Pennsylvania

A mú Pennsylvania torí ìyá tó bi wá. Aláìsàn á kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìwakọ̀ tàbí káàdì ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀ tó fi hàn pé ibẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Ó máa mú nọ́ńbà náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí, dókítà á fi ìwé ẹ̀rí sínú ẹ̀rọ ìjọba. Lẹ́yìn náà ló máa padà sórí ìkànnì láti san owó, wọ́n á sì fi káàdì ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Ẹ má ṣe sanwó ìjọba kí dókítà tó parí tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ará wa ti ń há ni orúkọ. Ìwé ìwakọ̀ ń sọ pé Abdul-Lateef, ilé ìwòsàn ń sọ pé Lateef, ìwé ìnṣọ́ránsì ń sọ pé Abdullateef. Rasheedat níbì kan, Rashidat níbòmíràn, orúkọ bàbá àgbà sì ti di orúkọ àárín. Ẹ̀rọ ìjọba fẹ́ kó bá ohun tó wà lórí ìwé ìwakọ̀ mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ lọ tún un ṣe ní ilé ìwòsàn kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò náni lówó.

Ìwé àìsàn náà tún wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú rẹ̀, ó sì sábà máa ń wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ilé ìwòsàn tí ẹ ń lò. Ẹ tẹ èyí tó dárúkọ àìsàn náà gan-an. Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ kò ní san owó ìbẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ tí kò tíì pé 18 kò lè gba káàdì fúnra rẹ̀. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú, wọ́n á gba ìka rẹ̀ láti yẹ ìwé ọ̀daràn wò, owó ìyẹn sì wà lọ́tọ̀. Òfin Pennsylvania kò gbà kéèyàn fín igbó bíi sìgá rárá. Òróró, oògùn hóró, ìpara àti èyí tí wọ́n ń fà sínú nípasẹ̀ ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná ni wọ́n ń tà. Ọkàn ọ̀pọ̀ òbí máa ń balẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ èyí, torí àwòrán tó wà lọ́kàn wa ni ti ọmọ ìta tó ń fín èéfín lábẹ́ afárá.

Green card, iṣẹ́ àti ilé

Ìbéèrè kejì ìyá náà, pé ṣé ó tọ́ sí wọn, ní ìdáhùn méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti òfin ìlú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, USCIS, iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní green card àti ìwé ọmọ onílùú, kọ ìlànà jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá lo igbó, tó ní in lọ́wọ́, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín tàbí tí wọ́n ti ń tà á, lè pàdánù ìwà rere tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ onílùú, kódà bó bá jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ gbà á. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń wò, ọdún mẹ́ta fún ẹni tó gba ọ̀nà ìgbéyàwó pẹ̀lú ọmọ onílùú. Kò pọn dandan kí ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lò ó lè tó. Ẹni tó ṣì ń wá green card náà ń gba ọ̀dọ̀ dókítà ìjọba kọjá, wọ́n á béèrè nípa oògùn olóró níbẹ̀. Ẹni tó ní green card tó rìnrìn àjò lọ sílé lè bá ìbéèrè yìí pàdé ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tó bá ń padà bọ̀.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni purọ́. Irọ́ níwájú òṣìṣẹ́ ìgbélùú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀, ó sì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ fún káàdì yìí kó tó bá lọ́yà ìgbélùú sọ̀rọ̀. Owó ìjókòó kan pẹ̀lú lọ́yà ju 50 dọ́là lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi í wé ọdún tí ẹ ti lò lórí ìwé náà. Bí ọmọ ló ń ṣàìsàn, tí bàbá kò sì tíì di ọmọ onílùú, ẹ jẹ́ kí ìyá tó ti di ọmọ onílùú, tàbí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí síbẹ̀, ṣe olùtọ́jú. Bàbá kò gbọ́dọ̀ lọ rà á, kò gbọ́dọ̀ gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́, àwọn ará wa tó ń wa tírélà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀ kò gba káàdì yìí ní àwáwí. Bí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá fi igbó hàn, ó máa wọ inú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2020, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó fẹ́ gba awakọ̀ sí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wò. Ó lè wà nínú ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lára ẹni tó ń lò ó déédéé. Ẹni tó ń ṣe sẹkúríti tó ń gbé ìbọn náà kó yẹra, torí òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó ń lo igbó lọ́nà tí òfin yẹn kò fọwọ́ sí ra ìbọn tàbí kó ní in lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù ìbọn sì ń béèrè rẹ̀ ní tààrà. Nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, ẹ ka ìwé òfin ibi iṣẹ́ yín. Òfin Pennsylvania sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ lé èèyàn kúrò torí pé ó ní káàdì nìkan, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n gba ẹni tó wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ lójú. Ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń bá san owó rẹ̀, bíi Section 8, lè kọ ẹni tó ń lò ó nígbà tó bá ń béèrè fún ilé.

Ní ti ẹ̀sìn

Ìdáhùn kejì nìyí. Kò sí àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ pé ohunkóhun tó ń pa iyè dà kò tọ́ fún afẹ́, Sūratul Mā'idah sì ti sọ̀rọ̀ lórí ọtí. Àwọn àgbà onímọ̀ ayé àtijọ́, Ibn Taymiyyah nínú wọn, kọ ọ̀rọ̀ líle lórí ewé yìí fúnra rẹ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ti ìtọ́jú. Àwọn onímọ̀ tó fàyè gbà á dúró lórí ìlànà ìnira, darūrah: kí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé ó wúlò, kó má sí oògùn halal tó lè ṣe iṣẹ́ náà, kí ìwọ̀n má kọjá ohun tí àìsàn ń fẹ́. CBD tí kì í pa iyè dà fúyẹ́ ju THC lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mú ìwé dókítà lọ bá alfa tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kẹ́ẹ ṣàlàyé àìsàn náà fún un bó ṣe rí. Alfa tó bá gbọ́ "igbó" lásán á dáhùn nípa igbó lásán.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń ta súìtì rírọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní gẹ́látìn, èyí tó lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi péktìn ṣe, tó wá láti ara èso. Ara oògùn hóró pàápàá lè jẹ́ gẹ́látìn, ti Marinol rí bẹ́ẹ̀. Òróró tí wọ́n ń kán sábẹ́ ahọ́n, àwọn kan fi ọtí fà á yọ, àwọn kan fi òróró àgbọn ṣe é. Epidiolex ní ọtí díẹ̀ nínú àti òróró sẹ́sámì, kí ẹni tí sẹ́sámì kì í bá lára mu sọ fún dókítà. Ẹ ka ara páálí.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ń jẹ lè gba wákàtí kan tàbí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lè wà lára fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní agogo méjìlá òru lè bá a lára nígbà ìrun Ṣùbúhì, bẹ́ẹ̀ Sūratun Nisā' ti kọ̀ fún wa láti súnmọ́ ìrun nígbà tí a kò mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ìrun wà, ó lè bá yín ṣètò èyí tí kì í pẹ́ lára tàbí èyí tí THC rẹ̀ kéré. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín súìtì yìí àti súìtì.

Tí ẹ bá ń rìnrìn àjò

Ẹ má gbé e sọdá ìpínlẹ̀, ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Káàdì Pennsylvania kò túmọ̀ sí nǹkan kan lójú NDLEA ní Èkó. Ẹni tó ń lọ Hájì tàbí Úmúrà, kó yẹ gbogbo àpò wò kó tó kúrò nílé, títí kan àpò ìpara àti súìtì ìkọ́, torí fífi oògùn olóró wọ Saudi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè yọrí sí ìdájọ́ ikú. Fún àwọn ará wa ní Britain, láti oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni dókítà àgbà tó jẹ́ onímọ̀ àkànṣe ti lè kọ oògùn igbó fún aláìsàn níbẹ̀. Ìwé dókítà yẹn ni òfin mọ̀, ìjọba kò ní káàdì kankan tó ń fúnni.

Ìyá Philadelphia rí dókítà tó wà lórí ìkànnì ìpínlẹ̀, nítòsí ilé ìwòsàn tí ọmọ rẹ̀ ń lọ. Wọ́n wà lórí Medicaid, wọn kò san owó káàdì, owó dókítà nìkan ni wọ́n san, kò sì tó ìdajì 300 tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n bí ọmọ náà sí Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ìgbélùú kò kàn án. Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà, ó sì ti fi ìwé ọmọ onílùú sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nítorí náà ìyá ló ń bá ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òróró ni wọ́n ń rà, èyí tí kò ní ọtí. Ọdún kan ni ìwé ẹ̀rí dókítà náà wúlò fún, ìyá sì ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná pé òun máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nígbà tó bá ku oṣù méjì.